Ọ̀pá Kan fún Àwọn Méjì Tó Ń Kọ C

Láti Pobè títí dé Sakété, èmi nìkan ni àgbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà dọ̀bálẹ̀ kí rí. Mo wọlé, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó da ojú dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ewúrẹ́ mi. Ó wà níbẹ̀.

Ìwé tèmi kò kọjá kíláàsì kẹta nílé ìwé Faransé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló kàwé. Òun àti ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Sakété ni wọ́n jọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin onígàrí ní Takon. Ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ni yóò máa fa omi kànga sínú táǹkì kí wọ́n lè máa fi fọ ẹ̀gẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé, ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní C.

Ẹ̀rọ náà kọ̀. Bí wọ́n bá tàn án, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín, á sì dákẹ́. Àwọn obìnrin náà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn wá là á mọ́lẹ̀: "Ọmọ mi, bí omi ò bá gòkè ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá kó irin yín lọ. Okùn àti garawa wa ò tíì sọnù." Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé lé ọmọ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Pobè, ìjà sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ará Sakété yìí, ta ló ní kí o máa ti ìlà wọlé ní ààyè mẹ́jọ? Ṣé ilẹ̀ baba ẹ ni?"

"Ẹ̀yin ará Pobè lẹ̀ ń há ìlà mọ́ra bí ẹja inú agolo. Ààyè méjì péré! Ojú wo ló fẹ́ rí i?"

"Akoládì ẹ ńkọ́? O máa ń lé e lọ sórí ìlà tirẹ̀ bí ìyàwó tó ń bínú."

"Tìẹ náà ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìlà bí eégbọn!"

Ààyè ni àlàfo tí wọ́n ń fi síwájú ìlà àṣẹ kí ó lè wọlé díẹ̀. Akoládì ni àmì méjì kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Gbogbo àṣẹ tó bá wà láàárín méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé kálukú ń ka tirẹ̀, ó sì ń fo ti ẹnì kejì, torí pé ojú rẹ̀ kò gbà á.

Mo ní, "Ta ló gé ọ̀pá?"

"Ọ̀pá kẹ̀, Bàbá?"

Mo sọ fún wọn. Ní Towé tí mo ti kọ́ṣẹ́ oko, bí ẹlẹ́gbẹ́ àáró bá wá kọ ebè, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọkọ́ kí a tó gé ọ̀pá kan. Òun ni a fi ń wọn àárín ebè sí ebè, àti ẹni gíga àti ẹni kúkúrú. Lọ́dún kan, lóko tèmi, ìgbéraga ní kí n sọ pé ojú tó dára kò nílò ọ̀pá. Ẹsẹ̀ mi gùn, ti ẹnì kejì mi kúrú. Nígbà tí a pàdé ní àárín oko, ebè àti ọ̀nà ti dàrú mọ́ra. Orí iṣu ara wa ni a ń tẹ̀ kí a tó mọ̀.

Ọkùnrin Sakété bi mí pé, "Ọ̀pá ta wá ni ká lò, Bàbá?"

"Èyí tí ẹ bá jọ gé. Ó lè gùn, ó lè kúrú."

Wọ́n ná an títí. Ààyè mẹ́rin. Akoládì yóò dúró ní ìparí ìlà, bí Pobè ṣe fẹ́. Kò sì sí iṣẹ́ tí kò ní ní akoládì, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, bí Sakété ṣe fẹ́. Wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀ fún ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń to ìlà fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì tò bí ebè.

Mo fi ìka kan ìlà kan. Mo ní, "Kí ló dé tí èyí dá dúró síta?"

Ọmọ mi kígbe. Àṣẹ náà ni pé bí táǹkì bá kún, kí iná tàn, kí ẹ̀rọ sì dúró. Ọmọ mi ti kọ ti iná láìfi akoládì sí i, torí ìlà kan ṣoṣo ni. Ọkùnrin yẹn wá fi "dúró" kún un nísàlẹ̀, ó tì í wọlé, ó rò pé abẹ́ "bí táǹkì bá kún" náà ló wà. Ojú ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo ààyè, akoládì ló ń wò. Ó ń dúró, ì báà kún, ì báà má kún.

"Èmi ni mo ṣe é," ni ọmọ mi wí.

"Àwa méjèèjì ni," lọkùnrin náà dáhùn. "Bí mo bá ti ń ka tìẹ ni, ǹ bá ti rí i."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a wà ní Takon. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò sì dákẹ́. A gbọ́ omi tó ń já sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó kún, iná tàn, ẹ̀rọ dúró. Ìyá àgbà bọ ọwọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó fi nu ojú.

"Kànga kejì wà lẹ́yìn ilé wa," ló sọ fún ọmọ mi. "Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀?"

Ibi tí mo ti ní mo fi ìka kan ìlà yẹn, mo purọ́ níbẹ̀. Ọmọ mi ló fi ojú ara rẹ̀ rí i. Èmi ń wá awò ojú mi lọ́wọ́. Ti ọ̀pá nìkan ni mo lè búra lé.