Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi dárò lásán.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ìsánlú-Ìsin. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ́ wọn. Mo ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó, mo ya máòsì tìrùtìrù, wọ́n sì dà á kọ. Nígbà tí ọmọ ìlú kan tó ń gbé òkè òkun fi kọ̀ǹpútà ta wá lọ́rẹ, mo jó. Àṣé mo yára jó! Ọ̀gá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú páálí títí onítọ̀hún fi máa wálé wá gé ríbọ́nù. “Ẹni tó bá tú u, ilé ẹ̀kọ́ inú igbó l'Ókè-Ọdẹ ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ.” Ó na kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà sí mi.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọmọ àgbẹ̀, tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó wá bẹ̀ mí.

“Mà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan máòsì lẹ́ẹ̀kan péré. Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò tí mo fẹ́ lọ ṣe l'Ómù-Àrán.”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò níbí ni? Lọ kàwé ẹ!”

Máòsì tó yà sínú ìwé ńkọ́? Mo fún un ní gbogbo máàkì. Ẹ gbọ́ nǹkan ìtìjú! Ẹ̀rù ọ̀gá bà mí, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà mí.

Ó gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní bí òun bá ti máòsì síhìn-ín, ọ̀hún ni àmì ojú kọ̀ǹpútà ń sá gbà. Òun mọ ìdáhùn, ọwọ́ òun ni ò mọ ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn bi í pé ṣé wọn ò kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé ni. Ó ní wọ́n kọ́ òun dáadáa. Ọmọ tí mo lé dànù ló ń gbèjà mi níbẹ̀! Kò tíì dáhùn dé ìdajì tí àkókò fi tán. Máàkì rẹ̀ ò tó, bàbá rẹ̀ sì ní òun ò lágbára ẹ̀ẹ̀kejì.

Olóore wa dé lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ta kánópì, wọ́n gé ríbọ́nù, wọ́n ya fọ́tò. Eku ti jẹ wáyà mélòó kan. Mo rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé omi fún àlejò. Mo ní kó wọlé wá fọwọ́ kan máòsì báyìí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mà, èmi náà wà lára àwọn tó fi orí ru páálí yẹn wọlé lọ́jọ́sí. Àbí ẹ ti gbàgbé?”

N ò gbàgbé. Òun ló jáde kẹ́yìn, èmi ni mo tilẹ̀kùn.