Agbẹnusọ Tí Kò Mọ Iye Ẹnu

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní gbogbo agbègbè Òkìtìpupa mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ìwé mi ò ju kíláàsì kejì lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, àwọn tíṣà á dákẹ́. Ọ̀pẹ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò láti ìsàlẹ̀, èmi á ti gé ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ta igbà mọ́dìí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá mi ní kí n lọ gbẹnu ilé wa sọ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa, kò yà mí lẹ́nu. Ta ni ì bá tún rán?

Ọdún tí ogun parí ni. Òjò ọdún náà pọ̀ kọjá ààlà, odò kún, ó ya wọ oko wa nísàlẹ̀ Ìjù-Odò, gbogbo gbágùúdá wa sì jẹrà sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìkálẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Gbágùúdá la fi ń ṣe pupuru, pupuru sì ni ayé wa: a ó rẹ ẹ́, a ó fún un, a ó mọ ọ́n ní rogodo, a ó yan án lókè ààrò títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Lọ́dún náà, òkè ààrò tí a ń to pupuru sí mọ́ tónítóní bí ẹni pé a gbá a. Ilé sì kún. Bàbá wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó jáde mọ́, Ìyá mi, ìyàwó Bàbá kejì, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun. Ogun parí, kò dé. Ẹnikẹ́ni ò sì wá sọ fún wa pé ó kú.

Abẹ́ àtíbàbà kan ní Òkìtìpupa ni wọ́n ti ń pín oúnjẹ náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, akọ̀wé kan tó ń sọ Yorùbá àwọn ará òkè á gun bẹ́ǹṣì, á máa ka òfin fún wa. Mo gbọ́ òfin náà títí ó fi há mi lórí bí orin ìjọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó wá látinú ilé kan, òun ni agbẹnusọ ilé. Kí baálé ilé mọ̀ pé ó wá. Kò gbọdọ̀ tún lọ gba oúnjẹ níbòmíràn. Kó mọ iye ẹnu tó ń jẹun nínú ìkòkò ilé náà, ẹni tí kò bá sì sí nílé, kó má kà á mọ́ ọn. Bí agbẹnusọ bá purọ́, gbogbo ilé rẹ̀ ni kò ní rí nǹkan gbà mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, oòrùn ti kàn mí lágbárí kí ó tó kàn mí láti sọ̀rọ̀.

“Ẹnu mélòó ló wà nílé yín?” akọ̀wé bi mí.

“A pọ̀, ọ̀gá.”

“Pípọ̀ kì í ṣe iye.”

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ṣáà ní ìyá.”

“Ìyá mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gbẹ́ni. Mélòó?”

Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ka àwọn ọmọ òun lójú àlejò. Opó kan tó ń ta ẹja, tó tò sẹ́yìn mi, bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wò ó o! Agbẹnusọ tí kò mọ iye ẹnu!”

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i. “Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ máa ka tiyín ni?”

“Èmi nìkan ló wà nílé mi, ọmọ mi. Bí mo bá ka ara mi, ta ni yóò bínú?”

Akọ̀wé ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Mo fi ọwọ́ òfìfo rin ọ̀nà abúlé wa padà.

“Kí lo wí fún wọn?” Bàbá bi mí.

“Mo ní a pọ̀.”

“O ṣeun. Ohun tó yẹ kí o wí nìyẹn.”

“Wọn ò fún wa ní nǹkan, Bàbá.”

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ láti inú ilé. “Ebi ń pa ọmọ tí a kò kà náà o.”

“Èyí tí a bá kà ńkọ́?” ni Bàbá wí. “Ṣé ikú ò ní bá wa kà á ni?”

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà, ojú mi lọ síbi tí Ìyá da abọ́ dé sí lẹ́yìn ààrò. Ní ilé wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní abọ́ tirẹ̀, ọmọ tó bá fi abọ́ ẹlòmíràn jẹun, ìjà dé nìyẹn. Orí èmi yìí ló là á yé mi, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ní kí n kó àwọn abọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ máa kà wọ́n.

Bàbá rò ó títí. “Abọ́ kì í ṣe ọmọ,” ó wí níkẹyìn. “Kó wọn lọ.”

Mo ń di apẹ̀rẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jáde wá. Abọ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́, abọ́ tánganran ńlá tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ẹnikẹ́ni ò fi í jẹun láti ìgbà tó ti lọ. Ó gbé e sórí àwọn yòókù. Mo wo Bàbá.

“Kí lò ń wò?” ni Bàbá wí. “Ṣé kì í jẹun nílé yìí ni? Gbé e lọ.”

Mo mọ òfin. Bí mo bá purọ́ nítorí abọ́ kan, abọ́ gbogbo á ṣófo. Bí mo bá sì yọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo pa ọkọ rẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ó rẹ̀ mí kí n tó dé ìta abúlé.

Akọ̀wé rí mi, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ọjà abọ́ lo wá ná ni?”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà wọ́n, ọ̀gá. Abọ́ kan, ẹnu kan. Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.”

Opó ẹlẹ́ja ti rí mi. “Agbẹnusọ ti gbé ẹnu wá lónìí o!”

Akọ̀wé ń fi pẹ́ńsùlù kan abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ti etí búlúù.

“Ta ló ni èyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ṣé ó wà nílé?”

“Abọ́ rẹ̀ wà nílé.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè abọ́.”

Èmi tí mo máa ń pa àwọn tíṣà lẹ́nu mọ́, òótọ́ nìkan ló kù lẹ́nu mi.

“Ó lọ ogun, ọ̀gá. À ń retí rẹ̀.”

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. “Bó bá dé, kó wá fúnra rẹ̀. Màá wọn tirẹ̀ fún un.” Ó wọn ìyẹ̀fun àgbàdo àti mílíìkì gbígbẹ fún àwọn yòókù.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọmọ ti ya bo ẹrù kí n tó sọ̀ ọ́. Bàbá ò bèèrè oúnjẹ.

“Ṣé wọ́n ka tirẹ̀?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọn ò kà á, Bàbá. Akọ̀wé ní kó wá gba tirẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá dé.”

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. “Ó dára bẹ́ẹ̀. Òun nìkan wá ni ọmọ mi tí ẹnikẹ́ni ò kà.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gba abọ́ etí búlúù náà lọ́wọ́ mi. Kò dọ̀tí, síbẹ̀ ó fọ̀ ọ́.

Mo lọ bẹ́ẹ̀ títí gbágùúdá tuntun fi ta. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé abọ́ yẹn lé apẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé á ní, “Agbẹnusọ, ṣé ó ti dé?” Màá ní kò tíì dé. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Á kàn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi náà á gbé e.

Bàbá pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Bí àlejò bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní wọ́n pọ̀. Títí tó fi kú, kò ka ẹ̀gbọ́n mi mọ́ òkú, kò sì kà á mọ́ alààyè.