Omi Òkun ní Bódìjà

Òyìnbó tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Bódìjà ló fún un ní ẹja méjèèjì nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, tòun ti àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń gbé. Ẹja inú òkun ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹja odò. Àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n, ó wá ní ọ̀já funfun lára. Ọ̀kan tóbi, ìkejì kéré. Ọkọ mi ní aláwàdà ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń jùdí.

Nígbà tí òun náà máa lọ sílùú òyìnbó, ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Ó gbé ọmọ mọ́ra, ó wá yíjú sí gíláàsì. "Tọ́jú wọn dè mí o," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Ẹni tí kò ní padà wá, kí ló fẹ́ ní kí wọ́n tọ́jú ẹja de òun fún? Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, màá fi kọ́ọ̀bù bu omi náà, màá máa dà á padà láti òkè kí wọ́n lè mí, títí apá á fi máa ro mí.

Láàárọ̀ Sátidé, màá pọn ọmọ lọ sí ilé tẹlifóònù ní Àgbowó, màá jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí ìpè. Tí ọkọ mi bá pè, á kọ́kọ́ bèèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ẹja.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé ìrù ẹja kékeré ti ya, lẹbẹ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lápá kan sì ti ku ìdajì. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú gíláàsì.

"Ọkọ yìí ti na ìyàwó ẹ̀ já! Ìwọ bàbá ńlá yìí, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó tóbi yẹn ni obìnrin. Òun ló máa ń jẹ gàba. Fetí sílẹ̀, kí láìnì tó já. Etí ibi tó ya yẹn, ṣé ó funfun, tó rí bí òwú, àbí ó kàn gé lásán?"

"Ó gé lásán ni."

"Kò tíì dàìsàn nìyẹn. Ó bù ú jẹ ni. Yà wọ́n sọ́tọ̀, kó o máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Omi òkun ni o, má lọ da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i."

Nígbà tí mo délé sọ fún Màmá, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó ló ń na ọkọ? Abájọ! Tó bá jẹ́ èmi ni ọkọ ẹ̀, èmi náà á sá lọ sílùú òyìnbó!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá kú sí wa lẹ́nu.

Asẹ́ oníke tí mo fi ń sẹ́ ògì ọmọ ni mo so mọ́ etí gíláàsì, mo gbé ẹja kékeré sínú ẹ̀, omi ń gba ojú asẹ́ kọjá. Mo wá bẹ awakọ̀ kan tó ń ná Èkó láti gáréèjì Challenge kó bu omi òkun wá fún mi. Bí mo ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun náà wọlé, aládùúgbò mi kan tó bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ ní, "Ìyá ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wo lẹ ti ń lọ báyìí? Ẹ bá wa fi orúkọ tiwa náà sí i o."

Màmá gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ọjà Ṣàngó dé, mo bá kẹ́ẹ̀gì lófìfo. Ẹnu ọ̀nà tutù. Omi ń kán lórí ọmọ.

"Màmá, omi ńkọ́?"

"Mo ti fi wẹ̀ fún ọmọ. O rò pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi omi òkun ṣe? Mo pe orúkọ bàbá ẹ̀ sí i. Mo ní omi tó gbé e lọ, òun náà ni kó gbé e padà wá."

Mo gbé ọmọ, mo fi ẹnu kàn án lórí. Iyọ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, omi inú gíláàsì dọ̀tí, etí ibi tó ya wá funfun bí òwú. Ẹja náà kò jẹun mọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá pé ẹja ọmọ wọn ló ń kú lọ yìí, wọ́n wé gèlè wọn. Àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ lé mi lọ sí Challenge, wọ́n jókòó ti awakọ̀ náà títí tó fi ṣèlérí pé òun á bu òmíràn. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì kejì dé, àwọn ni wọ́n ń bu omi ìdọ̀tí jáde, èmi ń da tuntun sí i, díẹ̀díẹ̀. Funfun náà lọ. Lẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò jẹ́ kí ọkọ mi kí mi tán lórí fóònù. "Ó ti hù padà!"

"Kí ló hù?"

"Lẹbẹ ẹja!"

"Áà, ẹja. O ṣì ń ṣe wàhálà yẹn? Kó wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọn. Ṣebí àpótí yẹn ń gbàyè."

"Ẹ ò ní kí n tọ́jú wọn dè yín mọ́ ni?"

"Ọmọ ńkọ́?" ló fi dá mi lóhùn.

Màmá ti dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. "Kí ló wí? Ṣé inú ẹ̀ dùn?"

"Inú wọn dùn, Màmá. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

"O ò rí i? Omi yẹn ò ní lọ lásán."

Mo tú asẹ́ náà, mo sì fi ẹja kékeré sílẹ̀. Ó lọ bá èyí tó tóbi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn yí i ká, kò sì bù ú jẹ. Màmá gbé ọmọ wá kó wá wò wọ́n. Èmi gbé asẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, kí iyọ̀ má bàa wọnú ògì ọmọ.