Ẹ Bá Mi Kí Ìdí Kajú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Èjìgbò kò ní ṣàì rántí. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àbíjàn á gbé e wá pẹ̀lú búrẹ́dì gbọọrọ tó ti le bí igi. Gbogbo ilé á pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, á kì í bọ inú rédíò, ohùn ẹni tó wà lókèèrè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dárúkọ ẹ, ẹkún lo máa sun mọ́jú.

Ìyá bàbá wa, Ìyá Àgbà, ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Bíntú. Bàbá wa ti kú, màmá wa sì ti wà nílé ọkọ mìíràn. Ẹ̀gẹ́ là ń bó, gàrí là ń yan, gàrí náà là ń mu. Ìyá Àgbà fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọọ́ nà, ẹ jẹ́ n má parọ́. Bí ọwọ́ wọn bá ti kan pankẹ́rẹ́ báyìí, èmi àti Bíntú á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ìdí igi kajú kan lọ́nà ìlú Ọlá. A búra pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, bí ìyà bá jẹ ọ̀kan nínú wa, kò ní sọ pé wọ́n na òun. Á kàn ní òun ti lọ sídìí kajú.

Bíntú ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí Ìyá Kádì, ọmọ àdúgbò wa, wá mú un. Bàtà ló ń tà ní ìlú kan ní ẹnubodè, níbi tí ilẹ̀ Gánà ti pàdé ti Kódífuà. Ó ní Bíntú á bá òun tajà, òun á sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ìyá Àgbà wo agbada gàrí, wọ́n wo àwa méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́." Bí Bíntú ṣe lọ nìyẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la. Ó kí gbogbo ilé, ó ní ara òun le, òun ń jẹun yó. À ń gbọ́ tí Ìyá Kádì ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ló bá pe orúkọ mi, ó ní, "Rálíà, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sídìí kajú. Ẹ bá mi kí ìdí kajú." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré ní, "Àṣé kajú wà lọ́hùn-ún náà!" Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá là á, Ìyá Àgbà á mọ ibi tí à ń sá sí, níbo ni mo tún fẹ́ máa gbà? Ẹ wo ọgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mo pa ẹnu mọ́. A gba ààwẹ̀, a tú u, mi ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Iléyá ni Ìyá Àgbà ya ẹran ti Bíntú sọ́tọ̀, wọ́n ń yan án gbẹ kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i. Bí mo ṣe rí ẹran yẹn lórí iná ni mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà ò fọwọ́ kan pankẹ́rẹ́. Ẹní ni wọ́n ká mọ́ abíyá, wọ́n lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá tó bí Ìyá Kádì. Wọ́n ní, "Mi ò bá yín jà o. Ọmọ mi ni mò ń dúró dè." Gbogbo ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ló ń béèrè, Ìyá Àgbà sì ń ro ẹjọ́ fún kálukú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú ti ará ilé yẹn, wọ́n rán ọmọkùnrin wọn lọ mú Bíntú wá.

Nígbà tó dé, ojú ẹgba wáyà iná kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọge mẹ́rin làwọn jọ ń sùn nínú yàrá kan, àwọn ń ru bàtà kọjá bodè. Bí àwọn aṣọ́bodè bá nà wọ́n, tí wọ́n sì gba ẹrù, Ìyá Kádì á tún nà wọ́n sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá ló gbá Bíntú létí. Etí òsì yẹn ò gbọ́ràn mọ́ títí dòní.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí. À ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ni. Ó ní, "Rálíà, ṣé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò tètè dé ni?"

Mo ní, "Ó pẹ́ kó tó dé, àǹtí mi."

Lónìí, ta ló ń rí kásẹ́ẹ̀tì mọ́? Àwọn ọmọbìnrin wa ṣì ń lọ, torí gàrí ṣì ni gàrí. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ lọ́hùn-ún, a ti gbọ́ ọ níbí. Bí ọmọ kan bá ní òun ń jẹun yó, mo máa ń tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí n mọ̀ bóyá ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bíntú ti di ìyá ọlọ́mọ, ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ká lè jọ sọ̀rọ̀. Ó ṣì gbà pé ọ̀nà ló jìn. Nísinsìnyí tí ohùn kì í pẹ́ lọ́nà mọ́, bí ọmọ mìíràn bá tún bi mí, irọ́ wo ni mo fẹ́ pa?