Géèmù Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Nínú gbogbo ọkọ tí mo ní láyé yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi ọwọ́ ara mi yàn. Òun ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn yòókù, ilé rẹ̀ ni mo bá wọn: àbúrò rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí dé orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ tí mo wọlé. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá ti bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi obìnrin. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ ilé ìwé gírámà ni, èmi sì ni tíṣà tó ń kọ́ ọ ní ìṣirò.

Ẹ rò ó wò. Bí mo bá wọ kíláàsì, yóò dìde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò kí mi. Bí mo bá délé, èmi ni n óò kúnlẹ̀ kí i. Ọjọ́ tó bá gba òdo lọ́wọ́ mi níléèwé, ọjọ́ náà gan-an ni ìkòkò máa ń pọ̀ jù fún mi láti fọ̀ nílé. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo fún un ní orúkọ àpọ́nlé bí gbogbo ìyàwó ṣe ń fún àwọn ọkọ wọn kékeré. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, torí ó dára ju ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ ṣe ìyàwó. Kò tíì pẹ́ tí mo débẹ̀ tí ọkọ mi, èyí tí mo yàn, ra tẹlifíṣọ̀n fún mi torí pé mo gba ìwé ẹ̀rí tuntun. Irú èyí tó ń gbé inú àpótí onígi, tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà, tó sì ní ẹsẹ̀ bíi ti tábìlì. Yàrá wa ló wà. Oṣù kan kò pé tí àbúrò ọkọ mi fi lọ bá ìyá wọn, ó ní ìyàwó ti ń jókòó wo àwòrán nígbà tí àgbàlagbà ń sá èlùbọ́ lóòrùn. Ó ní ó sàn kí wọ́n gbé nǹkan náà sí pálọ̀ Màmá, kí Màmá lè máa rí ìwàásù wò lọ́jọ́ Ìsinmi.

Wọ́n gbé e. Gbogbo ìwàásù tí Màmá wò nínú rẹ̀, ojú oorun ló ti wò ó. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ni ọmọ ilé ìwé gírámà, tó na ẹsẹ̀ sórí àga bí ọba. Èmi tí mo ni nǹkan, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, torí ìyàwó tó bá jókòó ti di ọ̀lẹ nìyẹn. Ọkọ mi ní kí n má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ lórí ọ̀ràn àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Tẹlifíṣọ̀n náà kò padà sí yàrá mi mọ́. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n yọ inú rẹ̀ dànù, àbúrò ọkọ mi ń kó bàtà sínú àpótí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo padà sí Ọ̀yọ́, sínú ilé tí mo fi iṣẹ́ tíṣà kọ́. Mo búra fún ara mi pé kò sí nǹkan kan tó máa tún jáde nínú pálọ̀ mi lọ sí pálọ̀ àwọn èèyàn yẹn.

Nígbà Kérésì tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin kó ìdílé rẹ̀ dé láti òkè òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ géèmù kan dání, ó dúdú, ó pẹlẹbẹ bíi Bíbélì ńlá orí àga ìwàásù. Tẹlifíṣọ̀n tèmi kì í ṣe irú tuntun tó ń fúnra rẹ̀ wá fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi so géèmù mọ́ ọn, ó so géèmù mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, ó wá fi àkáǹtì tirẹ̀ ṣí ibi tí fíìmù wà.

"Mọ́mì, ẹ ò ní gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ò ní yìnbọn. Fíìmù lẹ óò máa fi wò."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní páàdì. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń dì í mú, bí ẹni di ìwé orin mú. Bí mo bá ní kí fíìmù dúró, yóò sáré. Bí mo bá ní kó sáré, yóò padà síbi tí mo ti wò tán. Nígbà mìíràn, páàdì á kàn gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ mi bí ẹyẹlé tí wọ́n fẹ́ pa. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìṣirò rí. Kí ni páàdì jẹ́?

Mo wo fíìmù àwọn òyìnbó. Ọlọ́pàá wọn máa wọ ilé ẹni tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún, kò ní sọ pé ẹ kú ìrọ́jú, ìbéèrè ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù á máa po tíì. Bí wọ́n bá fẹ́ wá apààyàn nínú ilé, wọn kì í tan iná, àfi bíi pé wọ́n gé iná ilé wọn. Wọ́n sú mi. Àwọn tó mú mi lọ́kàn ni fíìmù àwọn ará Éṣíà tí wọ́n ń tẹríba kí àgbà. Ọ̀kan wà tó gùn bí ọdún ọ̀dá, ìtàn ìyàwó kan tó wọ ilé olówó. Ìyá ọkọ rẹ̀ da omi lù ú lójú níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin gba ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ṣí fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, àṣé àwọn èèyàn yìí náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ mi ló fa ìjàngbọ̀n. Ó fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù, èmi pẹ̀lú páàdì lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì, àbúrò ọkọ mi pè.

"Ìyàwó, mo rí nǹkan tuntun lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ kú àtijọ́, ọkọ mi. Géèmù àwọn ọmọ ni."

"Géèmù kẹ̀? Àgbà bíi tìẹ? Wọ́n ní fíìmù ló wà nínú ẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, ọkọ mi."

"Ó dáa. Ó máa wúlò fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa tó ń ṣèpàdé nílé mi. Ká máa fi wo fíìmù ìhìnrere."

Ìwàásù Màmá ló tún dé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló wá sí Ọ̀yọ́. Ó ti di ìyá ìjọ, gèlè rẹ̀ le bí páànù. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun bá rà, ohun òun ni. Bí mo bá kọ̀, mo mọ ohun tí wọn yóò sọ láti Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa: ìwé ti gun ìyàwó yẹn lórí, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ mi ló sì máa ru ẹ̀gàn náà. Mo tú okùn ẹ̀rọ náà fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò bi mí léèrè ohunkóhun nípa íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí àkáǹtì. Ó gbà pé inú ẹ̀rọ ni fíìmù ń gbé, bí ẹ̀wà ṣe ń gbé inú àpò. Èmi náà kò ṣàlàyé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì bá a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ rí i pé ilé ti yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n mú nọ́ńbà kan wá kí òun tó ṣílẹ̀kùn, nọ́ńbà náà sì wọlé sórí fóònù tèmi, torí pé nọ́ńbà fóònù mi ni ọmọ mi fi tì í. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún.

"Ìyàwó, wọ́n ní nọ́ńbà kan wọlé sọ́dọ̀ ẹ."

"Ó ti wọlé, ọkọ mi."

"Kà á."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ọkọ mi yìí. Láràárọ̀ ló máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí: ẹ má jẹ irú oúnjẹ báyìí, ẹ má gba irú ọ̀nà báyìí. Èyí tó máa ń fi ránṣẹ́ jù ni ti àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi fóònù jalè.

Mo ní, "Ọkọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí wa pé nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù ẹni, a ò gbọdọ̀ kà á sétí ẹnikẹ́ni? Ẹ ní àwọn gbájúẹ̀ ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ tiẹ̀ fi ẹsẹ Bíbélì tì í lẹ́yìn."

Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn pé, "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n kàn kà á."

"Ìwọ dákẹ́!" ló sọ fún ọmọ. Ó wá sọ fún mi pé, "Òótọ́ lo sọ, ìyàwó. Má kà á o. Kọ ọ́ sórí ìwé, mò ń bọ̀ wá gbà á."

Nọ́ńbà yẹn kì í pẹ́ kú. Àkàrà gbígbóná ni, ẹni tó bá dúró títí ó fi tutù, ebi ló máa pa á. Ẹni tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́, kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Òwòdé, nọ́ńbà ti di òkú. Mo mọ̀. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, mo ká a fún un, mo fún un ní omi tútù. Ó fi ìwé náà sínú kọ́mú rẹ̀, ó padà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè. "Ìyàwó, ẹ̀rọ ní kì í ṣe nọ́ńbà òun. O ṣì í kọ."

Nínú àwa méjèèjì, mo mọ ẹni tó máa ń ṣi nọ́ńbà kọ. Èmi ni mo máa ń fi yíǹkì pupa fa igi sí i. Mo kàn ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Òmíràn ti wọlé. Ṣé kí n kà á?"

"Rárá o! Ìwọ náà, o ò gbọ́ ni?"

Ọmọ mi pè láti òkè òkun. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn kà á fún wọn."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ nọ́ńbà yẹn?"

"Wọ́n ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"O ti dá ara ẹ lóhùn."

Ẹ̀rín pa á. "Mọ́mì, inú yín le o."

"Bàbá ẹ ló ní kí n má bínú. N ò bínú."

Ọmọbìnrin àbúrò ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà sú. Ó ní bí nọ́ńbà kò bá lè wá bá ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá nọ́ńbà. Bí ìyá ìjọ ṣe tún wọ mọ́tò nìyẹn, ó gbé géèmù lé itan, ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Ó dé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú òógùn lójú. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ mọ ilé rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun, ó ṣílẹ̀kùn.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló sọ. "Àṣé o mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo jókòó sórí àga mi. Mo wá fíìmù ìhìnrere fún un. Fíìmù náà kò tíì rìn jìnnà tí àbúrò ọkọ mi fi ní, "Kí ni ìwọ máa ń wò?" Mo ṣí ìtàn ìyàwó ilé olówó. Ó bọ́ gèlè. Nígbà tí ìyá ọkọ da omi, ó pariwo Jésù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ gba ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi etí ìró nu ojú.

"Irú obìnrin wo nìyí? Kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe fún un? Ohun tí ọkọ rẹ̀ rà fún un ni wọ́n gbà yìí o! Ọlọ́run á san án fún un."

Mo tẹ páàdì, àwòrán dúró gbagidi, ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ kún tẹlifíṣọ̀n. Mo yíjú sí i.

"Ẹ ní Ọlọ́run á ṣe kí ni, ọkọ mi?"

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wò mí. Ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè rẹ̀ padà, ó wé e títí ó fi le.

"Ìyàwó yẹn náà," ló sọ, "ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ohun tí mo rí gbà lórí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n onígi nìyẹn, n kò sì retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró níwájú ẹ̀rọ náà.

"Bí mo bá gbé e lọ, ṣé ó ṣì máa béèrè nọ́ńbà?"

"Gbogbo ìgbà, ọkọ mi."

"Kó máa wà níbí nígbà náà. Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ oore. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti jẹ́rìí nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ pé òun ra ẹ̀rọ ìgbàlódé fún ìyàwó àwọn ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn, kí mọ́tò rẹ̀ tó kúrò ní Òwòdé, mo ti na ẹsẹ̀, mo ti tẹ páàdì, mo ń wo bí wọ́n ṣe lé ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn jáde nílé pẹ̀lú àpótí lórí.