Àdín Tí Mo Gbé Wá

Ọmọ-ọmọ mi fi àdín pa irun lánàá. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Igbodigo.

Bàbá mi ní ìbọn ìléwọ́ kan, àlòkù sójà. Ibi tí wọ́n ń fi ìka fà lára rẹ̀ le débi pé ìka méjì ló fi ń fà á. Ìyẹn ló fi máa ń nù ún láìbẹ̀rù, pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ sóko, àbúrò rẹ̀ ní kí n gbé àdín wá. Ó yọ ọta, ó tú ìbọn náà, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá rin irin inú rẹ̀, ó ta àdín sí i, ó sì tò ó padà.

"Fà á wò, ìyá mi."

Mo fi ìka kan fà á. Ó dún kẹ́.

"O lágbára ju bàbá rẹ lọ. Má sọ fún un o, jẹ́ kó yà á lẹ́nu."

Inú mi dùn. N kò sọ. Ó kó ọta padà sínú rẹ̀.

Bàbá nù ún ní Sátidé. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, àbúrò rẹ̀ ló sì sunkún jù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń kọ ẹyìn nínú oko ọ̀pẹ bàbá mi títí dòní.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àbúrò bàbá mi mọ bí bàbá mi ṣe ń nu ìbọn.

Mo ní kí ọmọ náà lọ fọ irun rẹ̀.