Ejò Àbúrò Mi Nígbà Ọyẹ́

Kí wọ́n tó gbé àbúrò mi obìnrin lọ sílé ìwòsàn, mi ò fọwọ́ kan ejò rí. Èyí tí mo bá rí lóko bàbá wa ní Ìyérè, àdá ni mo máa ń wá, tí mi ò bá rí àdá, mo sá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi l'Ọ́wọ̀ nítorí póli tó ń lọ, gbé ejò kan wọlé lọ́jọ́ kan nínú ike onídérí. Ẹnì kan tó ń sìn wọ́n l'Ékòó ló fún un. Ó pupa bí epo, ó ní àmì tótòtó lẹ́yìn, ikùn rẹ̀ sì dà bí àgbàdo tí hóró dúdú pọ̀ mọ́ funfun. Àbúrò mi sọ pé ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ejò àgbàdo. Kò lóró. Kò gùn ju apá mi lọ.

SS lẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Láti kékeré ni eegun ti ń ro ó. Àwọn dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ ewu tó wà nínú ọmọ bíbí débi pé kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, ó gbé e mọ́ra títí, ó wá ní, "Sìstá, ẹ ti ní tiyín, èmi náà ti ní tèmi." Ó nawọ́ sí ike ejò. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ìrora tó gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́tẹ̀ yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ké, "Sìstá, ẹ má jẹ́ kó kú."

Mo ní, "O ò ní kú."

"Ejò mi ni mò ń wí!"

Báyìí ni mo ṣe di olùtọ́jú ejò. Orí fóònù ló ti ń kọ́ mi. Kí omi má gbẹ nínú abọ́ rẹ̀. Kí n fún un níbi tó lè sá pamọ́ sí. Kí ara rẹ̀ má tutù, tí kò bá síná, kí n rọ omi gbígbóná sínú ìgò, kí n fi tówẹ́lì wé e, kí n gbé e sábẹ́ ike. Oúnjẹ rẹ̀ ni ọmọ eku tó ti dì gbagidi nínú fìrísà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja wa. Màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣe oúnjẹ ọmọ, màá fi ẹ̀mú nà án sí i. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, mo pariwo, ọmọ mi bú sẹ́kún. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé ìwòsàn. Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ padà, "Àǹtí ejò, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn náà rẹlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Màmá wa wá láti Ìyérè kí wọ́n lè bá mi mójú tó ilé. Wọn ò jẹ ẹja inú fìrísà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ejò nínú ilé tí ọmọ ti ń rá?"

"Màmá, kò lóró."

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Tí wọ́n bá fẹ́ kọjá níwájú yàrá tí ike ejò wà, wọ́n á kọ́kọ́ dúró, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yẹn, èmi ń kọjá o. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà." Wọ́n á ká ìró wọn sókè, wọ́n á fò kọjá.

Ìgbà tó yá, ojú ejò funfun bí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, kò jẹun mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó fẹ́ bọ́ awọ ni, kí n sáà fi aṣọ tútù sínú ike. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún yẹn ò gbẹ̀bẹ̀. Ètè gbogbo wa là, gìgísẹ̀ là, aṣọ tí mo bá fi omi rẹ láàárọ̀ á ti gbẹ kó tó di ọ̀sán. Awọ náà wá ń ya jálajàla, èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ìrù. Lójoojúmọ́ ni àbúrò mi ń pè, "Ṣé ó ti bọ́ ọ tán?" Màá ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i.

Màmá ń gbọ́ wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ẹranko yìí náà ló ń béèrè kó tó béèrè èmi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo pọ̀n ọ́n lọ gbà á, láti ibẹ̀ mo gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò mi. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó délé. Mo bá Màmá lẹ́yìn ilé lórí àpótí, ike ejò wà níwájú wọn nínú oòrùn, ìdérí rẹ̀ sé pinpin kó má baà jáde.

"Mo ti bá yín tọ́jú ẹ̀," ni wọ́n wí.

Awọ gbígbẹ náà ti kúrò pátá. Ara ejò ń dán fún òrí. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún èmi àti àbúrò mi lọ́mọdé nígbà ọyẹ́ ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á lára látorí dé ìrù, wọ́n gbé e sí oòrùn àárọ̀. Oòrùn àárọ̀ ti di oòrùn ọ̀sán. Mo ṣí ike náà, ooru kọ lù mí lójú. Mo gbé ejò, ó rọ̀ dòò lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ó ti kú."

"Ó ń sùn ni. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ máa ń sùn."

"Màmá."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn.

A sin ín sídìí ọsàn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ sílé ìwòsàn, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Màmá ò bá mi wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo ti ní màá sọ pé ó sá lọ. Àmọ́ àbúrò mi wo ojú mi báyìí.

"Ó ti kú."

"Ó ti kú," ni mo dáhùn.

Ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ro gbogbo ẹ̀ fún, omi, òrí, oòrùn.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Màmá."

Ó yíjú padà. "Màmá wa? Wọ́n fọwọ́ mú un?"

"Ọwọ́ méjèèjì."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé. Ó sun ún pẹ́, ó wá ní, "Ẹ pè wọ́n wọlé."

Màmá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìró. "Mi ò mọ̀ ni, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń ṣe yín náà ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀." Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń ro mí, Màmá."

Láti kékeré, àwọn ni wọ́n máa ń bá a fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n wò mí. "Ìyá ọmọ, ìwọ bá a pa á."

"Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é," ni àbúrò mi wí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọwọ́. Wọ́n gbé e lé orúnkún rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ omi gbígbóná wò. Àbúrò mi dijú. Títí tí nọ́ọ̀sì fi wá lé wa jáde, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Wọn ò gbé e kúrò, wọn ò sì fi pa á.